Ọ̀nà Tí Ojú-Àṣá Là

"Ṣé ó jáde?"

Ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi í ní àràárọ̀ Sátidé nìyẹn, kó tó dáhùn ìkíni rẹ̀, kó tó ní kó bọ́ bàtà. Ọmọbìnrin náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìrì á ti rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, eèmọ́ á sì ti lẹ̀ mọ́ etí yẹ̀rì rẹ̀ yí ká.

"Ó jáde, Bàámi."

"Ṣé o rí ojú rẹ̀, àbí ìdí rẹ̀ nìkan lo rí?"

"Mo rí ojú rẹ̀. Èso tó já bọ́ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ló ń ṣà jẹ. Eṣinṣin kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá ń gbọn etí ọ̀tún ṣáá."

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó já ewé jẹ, ó tu ú dànù, ó tún já òmíràn."

"Ó fìwà jọ ẹ," ni bàbá wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Bí ìwọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ jíjẹ nìyẹn."

Bó ṣe la ẹnu rẹ́rìn-ín báyìí ni ìyá ti fi ṣíbí ìrẹsì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti dúró ti ibùsùn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, tó ń ṣọ́ ẹnu ọkọ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku.

"Máa sọ ọ́ lọ, Ojú-Àṣá," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Jọ̀ọ́, má dákẹ́."

Ẹtu ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ óò ní kí ni ẹtu ń wá láàárín ìgboro. Lẹ́yìn ilé wọn, tó jẹ́ ilé tó kẹ́yìn ní àdúgbò, igbó kékeré kan wà láàárín ògiri àti odò. Gbogbo aládùúgbò ló gbà pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ejò àti ẹ̀fọn lọ, kò sì sẹ́ni tó yà síbẹ̀ rí. Bàbá àti ọmọ yìí nìkan ló mọ̀ pé ẹtu kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́mọ.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá ń ṣe, Bíríkìlà náà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lè rìn jìnnà láì sunkún ló ti ń mú un wọ igbó náà láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Wọn kì í mú nǹkan kan lọ, wọn kì í sì í mú nǹkan kan bọ̀. Wọ́n kàn ń lọ wòran ni. Ibẹ̀ lọmọ náà ti rí bí ẹ̀gà ṣe ń fẹnu hun ilé, tí akọ á ṣe wàhálà títí, tí abo á wá máa yọjú wò ó bí ẹni tó fẹ́ háyà yàrá, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti mọ ohùn ẹ̀lulùú, tó máa ń dún bí omi tó ń tú lẹ́nu ìgò. Ó ti rí awọ́nríwọ́n tó ń yáàrùn lórí òkúta, tó sì ń wo àwọn náà bí onílé ṣe ń wo àlejò. Ojú ọmọ náà yá débi pé òun ló máa ń kọ́kọ́ rí nǹkan kí bàbá rẹ̀ tó rí i. Bó ṣe di Ojú-Àṣá nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá fi lélẹ̀. Wọn kì í gba ibi kan náà wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lónìí, ẹ̀bá odò ni wọ́n á gbà ní Sátidé tó ń bọ̀, kí koríko lè ráyè dìde, kí ojú ẹsẹ̀ má bàa di ojú ọ̀nà.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," bàbá á máa ṣàwàdà. "Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kankan ò gbọdọ̀ wọ igbó wa."

Ojú-Àṣá rò pé torí kí ẹranko má bàa gbóòórùn àwọn ni. Kò bèèrè, bàbá náà ò sì ṣàlàyé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ, torí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, pákó tí bàbá dúró lé níbi tó ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan yẹ̀, ó sì já bọ́ sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i nílé ìwòsàn, wọ́n dúró yí ibùsùn ká, wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè sọ.

"Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò," ni bàbá sọ fún wọn. "Èmi náà wò ó. Ẹ̀yìn ọ̀hún gan-an ló kán."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ló jáde síta lọ sunkún.

Láti ìgbà náà, bàbá ò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì kó lè máa rí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá, tó jẹ́ alágbàfọ̀, kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè máa gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ bá pè é, gbogbo ilé wá ń ta òórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná. Ṣùgbọ́n bàbá ò pe ẹnikẹ́ni. Àwàdà rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ náà sì ń dín kù. Egbò yọ sí i ní ìdí nítorí ìdùbúlẹ̀, ó kọ̀, kò jinná.

"Mà, egbò yìí ò ní í san bí wọn ò bá jẹun," ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wá fọ̀ ọ́ sọ fún ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "N ò fẹ́ dẹ́rù bà yín o, ṣùgbọ́n irú egbò báyìí máa ń pa èèyàn."

"Sátidé nìkan ló ń jẹun gidi," ni ìyá dáhùn, "nígbà tí ọmọ yìí bá ń ròyìn igbó fún un. Ìyókù ọ̀sẹ̀, tíì lásán ni."

Ojú-Àṣá ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá yé e pé ẹtu yẹn ló ń bọ́ bàbá òun.

Ní Sátidé ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti ròyìn tán, bàbá kọjú sí fèrèsé.

"Ìròyìn rẹ dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí mo bá lè fi ojú ara mi rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún ọmọ náà lọ́kàn. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ ọ́ fún Alápárá, ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tó máa ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀, tí kò sì láròjinlẹ̀, ṣùgbọ́n tó nínú ire.

"Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyí?" ni Alápárá wí. "Gbé wọn sínú bàrò, kó o máa tì wọ́n lọ."

"Igbó yẹn ò lọ́nà. Bàrò ò lè gbabẹ̀."

"Kí wá ni wọ́n ṣe ń rọ àdá?"

"Bàbá mi ò gbà kí a la ọ̀nà síbẹ̀. Òfin wọn ni."

"Òfin!" Alápárá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Gbọ́ ná. Ìgbà tí bàbá ẹ lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ṣòfin yẹn. Ẹni tí ò lè rìn mọ́ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa tipa òfin ara wọn kú sórí ibùsùn ni?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n," ni Ojú-Àṣá wí.

"Bó o bá bi wọ́n, wọ́n á ní rárá. O mọ àgbàlagbà. Ìwọ ṣe é, kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹran yẹn lójúkojú, ṣé wọ́n á tún rántí òfin?"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló burú jù. Bó bá jẹ́ olè ni Alápárá ní kí wọ́n lọ jà ni, ọmọ náà ì bá ti sá. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń sá fún oore. Ọjọ́ yẹn ni Ojú-Àṣá pinnu pé òun ò ní í bi bàbá òun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde. Alápárá ń fi àdá gé igi wẹ́wẹ́, Ojú-Àṣá ń wọ́ ẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ wọn bó, ẹ̀gún fa apá wọn ya. Ìyá bi í léèrè ohun tó fa apá rẹ̀ ya, ó ní eré bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀lulùú kan wà nínú igbó tó ń ké ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Alápárá sọ pé ó ń kí àwọn kú iṣẹ́ ni, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀nà ti là gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri dé ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ létí odò, ó gba bàrò dáadáa.

Ọ̀dọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù ni Ojú-Àṣá ti lọ yá bàrò. Ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ndu kan ni, ọ̀yàyà ẹ̀ pọ̀, òun àti bàbá sì ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ tipẹ́.

"Kí lo fẹ́ fi bàrò ṣe, ìyàwó mi?" ó bi í.

"Bàbá mi ni mo fẹ́ gbé jáde kí wọ́n gba atẹ́gùn, sà."

"Háà! Ọ̀gá mi!" Oníbúlọ́ọ̀kù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, sìmẹ́ńtì sì kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ẹni tó kọ́ ilé fún gbogbo wa, bàrò ló wá di mọ́tò rẹ̀. Gbé e, ọmọ dáadáa. Dúró, jẹ́ kí n fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀ fún ẹ." Bó ṣe ń fẹ́ ẹ ló ń ráhùn. "Sọ fún Ọ̀gá pé iyanrìn tí wọ́n ń gbé wá fún wa lásìkò yìí, ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mi ń rún bíi bisikíìtì. Ó ti fẹ́ẹ̀ sú mi."

Ojú-Àṣá dúpẹ́, ó ti bàrò lọ. Ọ̀rọ̀ iyanrìn ò kàn án.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá tẹ́ ìrọ̀rí méjì sínú bàrò. Wọ́n jọ gbé bàbá sí i, Alápárá di apá, Ojú-Àṣá àti ìyá di ẹsẹ̀. Bàbá ti fúyẹ́ jù. Àmọ́ inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wò mí bí àpò sìmẹ́ńtì," ni ó wí. "Ẹ rọra o, kí n má tú dànù."

Ó ti pẹ́ tí ìyá ti gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣàwàdà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni tó ń sin ọkọ lọ sí ìrìn àjò.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, bàbá ní, "Ibí yìí tó. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí. Mo lè gbọ́ ẹyẹ láti ibí."

"Ẹ dúró ná, Bàámi. A ò tíì dé."

Bàrò yà. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, kùkùté igi tí wọ́n gé ń dán funfun lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá.

"Ta ló la ọ̀nà yìí?"

"Èmi ni, Bàámi!" Inú ọmọ náà ń dùn. "Èmi àti Alápárá. Nítorí yín ni."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di etí bàrò mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dì í mú títí wọ́n fi dé abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Níbẹ̀, táyà bàrò rì sínú ilẹ̀ díẹ̀, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gà ń pariwo lókè, ṣùgbọ́n bàbá ò wòkè. Táyà ló ń wò. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì fi àtàǹpàkò ra á bí àwọn bíríkìlà ṣe máa ń ṣe.

"Ojú-Àṣá, kí nìyí?"

"Iyanrìn ni, Bàámi."

"Iyanrìn ni. Kò lẹ́rẹ̀, kò ní pàǹtí, ó dá yàtọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń po iyanrìn burúkú fún àwọn onílé, mo sì mọ̀ pé èyí wà lẹ́yìn ilé mi. N ò sọ fún ẹnì kan. Oníbúlọ́ọ̀kù, ọ̀rẹ́ mi ni, n ò sọ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, típà á wọ ibí wá kó o. Bí típà bá ti wọ ibí, igbó yìí parí. Ìdí tí a kì í fi í la ọ̀nà nìyẹn."

Ojú-Àṣá dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Ẹ ò sọ fún mi, Bàámi."

"N ò sọ fún ẹ lóòótọ́." Bàbá jẹ́ kí iyanrìn náà yọ̀ láàárín ìka rẹ̀. "Ìwọ náà ò bi mí."

Ìgbà náà ni ẹtu jáde. Kò gba inú igbó bó ṣe máa ń ṣe. Ojú ọ̀nà tuntun náà ló gbà, ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó rí wọn, ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò gbé e sílẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ojú bàbá ṣe mẹ́rin, àní gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti ń lá a lálàá. Omi ń dà lójú bàbá, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹtu fò wọ igbó, ọmọ rẹ̀ náà sì bá a lọ.

"Ẹ rí i, Bàámi? Ẹ rí i?"

"Mo rí i. O ṣeun." Bàbá nu ojú. "Ṣùgbọ́n o rí i pé òun náà ti ń gba ojú ọ̀nà. Ẹran tó bá ti mọ ojú ọ̀nà, tàkúté ò ní í wá a jìnnà. Ó yá, ẹ gbé mi lọ sílé. Bí a bá délé, fọ táyà bàrò yìí kó o tó dá a padà. Fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní. Kó o sì wọ́ igi dí ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n délé, wọ́n gbé bàbá sórí ibùsùn. Ojú-Àṣá dúró ran ìyá lọ́wọ́ láti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ àti láti tún egbò dì. Nígbà tó jáde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, bàrò ò sí níta mọ́. Alápárá ti dá a padà. Ó rò pé oore lòun tún ṣe.

Ọmọ náà sáré títí dé ọ̀dọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù. Ó bá ọkùnrin náà lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàrò, ó ń fi èékánná họ iyanrìn kúrò lára táyà, ó ń ra á lọ́wọ́, ó sì ń mi orí.

"Ìyàwó mi, níbo lẹ gbé Ọ̀gá gbà?"

Ojú-Àṣá ò lè pa irọ́ kan tó gbọ́n. "Ẹ̀yìn ilé wa náà ni, sà," ni ó wí. Kò sídìí láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú táyà kan ṣoṣo ti fi ilà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wọn títí dé etí odò, ọmọdé lè tọ̀ ọ́.

Ó lọ wọ́ igi dí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kó ẹ̀ka jọ títí òógùn fi bò ó. Lórí igi kan nítòsí, ẹ̀lulùú bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ sì wá sí i lọ́kàn: ẹ̀lulùú, ìwọ lo fòjò para rẹ. Ó jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹ̀ka, ó sunkún. Nígbà tó padà lọ wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn kan ti kó gbogbo ẹ̀ka náà lọ dáná.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Oníbúlọ́ọ̀kù wá kí bàbá. Ó gbé búrẹ́dì ńlá kan àti mílíìkì agolo dání, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá mi, ẹ mà láṣìírí o! Irú iyanrìn yẹn wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ ò sọ fún èmi ọmọ yín! Mo ti rí ẹni tó ni ilẹ̀, a ti sọ̀rọ̀ tán. Ọlọ́run ló lò yín fún mi."

"Bá mi dá igi ọ̀pọ̀tọ́ kan sí," ni bàbá wí. "Èyí tó wà létí odò."

"Igi? Kò séwu, Ọ̀gá. Èwo ni ti igi?"

Ọkùnrin náà ò sì purọ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn lébìrà rẹ̀. Àmọ́ típà ò mọ ọ̀pọ̀tọ́ yàtọ̀ sí igi mìíràn, awakọ̀ rẹ̀ sì ń wá ibi tó máa gbà yí padà. Kí oṣù tó parí, ọ̀nà bàrò ti di ọ̀nà mọ́tò. Igi ọ̀pọ̀tọ́ wó pẹ̀lú gbogbo ilé ẹ̀gà tó wà lórí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń bẹ̀rù ejò tẹ́lẹ̀ wá rí i pé ibẹ̀ dára fún dída pàǹtí sí. Alápárá bẹ Ojú-Àṣá títí, ó ní òun ò mọ̀. Kí ni kí èèyàn wí fún un? Kò mọ̀ lóòótọ́.

Síbẹ̀, Ojú-Àṣá ṣì ń lọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ẹ̀bá odò, níbi tí wọn ò tíì gbẹ́, ló máa ń lọ dúró sí. Ó rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ròyìn rẹ̀ fún bàbá, bàbá sì jẹ ṣíbí díẹ̀. Ìyẹn náà ló gbé wọn ró.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dúró títí oòrùn fi ta sí i lórí. Kò rí nǹkan kan, kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ariwo ṣọ́bìrì. Bó ṣe wà níbẹ̀ tó ń wòye, tí kò rí ojú ọ̀nà, típà kan jáde láti inú igbó, ó gba iwájú ilé wọn kọjá. Àwọn lébìrà mẹ́ta jókòó lórí iyanrìn, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ti so ẹtu kan mọ́ irin ẹ̀yìn mọ́tò ní ẹsẹ̀, orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn. Wọ́n so kékeré kan náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní ìkòríta.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ojú-Àṣá wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ìyá dúró ti ibùsùn, àwo oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Lọ́jọ́ náà, bàbá ò bèèrè bóyá ó jáde. Ọmọ náà wo àwo tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, ó wo egungun èjìká bàbá rẹ̀ tó yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí.

"Ó jáde, Bàámi."

Bàbá yíjú sí i. "Ṣé?"

"Ó jáde. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ rẹ̀ ti dàgbà sí i, ó ti mọ ewé jẹ, kì í tu ú dànù mọ́. Wọ́n ti kó lọ sí òdìkejì odò. Kò sẹ́ni tó lè rí wọn níbẹ̀."

Bàbá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Èmi náà rí i lónìí," ni ó wí. "Ojú-Àṣá ni ọ́ lóòótọ́. Ìyá ọmọ mi, gbé oúnjẹ yẹn wá."

Ó jẹ gbogbo oúnjẹ náà. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn, títí àwo fi mọ́. Inú Ojú-Àṣá dùn, ó rò pé bàbá òun lá àlá ni. Nígbà tó gbé àwo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ tó fi aṣọ oníbàárà bo ojú.

"Ẹ̀yin náà, ẹ yọ̀ díẹ̀, Màámi. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n jẹun?"

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "bàbá rẹ rí ẹtu yẹn nígbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ. Òun àti ọmọ rẹ̀. Iwájú fèrèsé níbí ni wọ́n gbà kọjá."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Bàbá ò jẹun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì bínú sí i, Ojú-Àṣá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ dárí jì mí, Bàámi." Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo ti dárí jì ẹ́ látàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkàn mi ló ti rẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ." Ìdáríjì ò sì wo egbò sàn. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, Bíríkìlà kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ ibojì rẹ̀, búlọ́ọ̀kù Oníbúlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́. Iyanrìn rẹ̀ dára, kò rún.

Ní báyìí, gbogbo ayé ló ń gba ọ̀nà náà. Ó gé ìrìn àwọn tó ń lọ sí òdìkejì odò kúrú gan-an. Ojú-Àṣá náà ń gbà á lọ sílé ẹ̀kọ́, torí pé kò sí ibòmíràn tó yá. Kò sí ẹyẹ tó ń ké níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ kọ ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, òun àti obìnrin kan tó gbé ẹrù wíwúwo jọ ń lọ.

"Ọlọ́run á bùkún ẹni tó la ọ̀nà yìí," ni obìnrin náà wí. "Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa bó mọ́. Ibi tó bá wà, kó má rí ìbànújẹ́."

Ojú-Àṣá wo kùkùté kan tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Àmín, Mà," ni ó wí, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Bí o bá fẹ́ ṣe rere fún ẹni tó o fẹ́ràn, kọ́kọ́ bi í. Òfin tí àgbà ṣe tí kò yé ọ, bèèrè ìdí rẹ̀ kó o tó rú u, pàápàá bó bá jẹ́ nítorí àgbà náà fúnra rẹ̀ lo ṣe fẹ́ rú u. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ máa ṣàlàyé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ojú-Àṣá yege nínú ìdánwò rẹ̀. Nígbà tó délé láti sọ ọ́, kò sẹ́ni lójú fèrèsé.